Ohun Tí Ó Ń Dojú Kọ Àwọn Tí Ń Dá Gbàgede Ìtàkùrọ̀sọ Sílẹ̀ Lórí Ayélujára: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Ọ̀dọ́ ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ fi iṣẹ́ oòjọ́ yín sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin olùkọ́ láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ọ̀yẹ́, láti Ìkẹ́rẹ́ àti láti Pólì Adó, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún inú gbọ̀ngàn yìí, tí kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lórí itan ọ̀pọ̀ yín bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ yín gan-an ni mo wá. Èkìtì Kete, ilé iyì, ilé ẹ̀yẹ, mo júbà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ìbéèrè méjì. Ta ni nínú yín tí ó ti kọ́ áàpù tàbí ìkànnì rí? Ẹ nawọ́ sókè. Ẹ ṣeun, ọwọ́ pọ̀, inú mi dùn. Ta ni nínú yín tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń lo áàpù tàbí ìkànnì rẹ̀ lójoojúmọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀yìn yín, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín. Ọwọ́ mẹ́ta péré ni mo rí. Ohun tí ó fa ọ̀gbun tí ó wà láàárín ọwọ́ àkọ́kọ́ àti ọwọ́ kejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí lónìí.

Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ kíkọ́ áàpù ti rọrùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì ń rọrùn sí i lọ́dọọdún. Iṣẹ́ tí ó le ni kí á kó èèyàn jọ, kí á rí owó tí yóò máa gbé wọn ró níbi tí wọ́n kó jọ sí, kí á sì máa ṣọ́ wọn kí ibi má bàa bá wọn níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń bá pàdé máa ń fi oṣù mẹ́jọ kọ́ áàpù, wọn a sì fi ọ̀sẹ̀ kan péré ro ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tí yóò lò ó. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń wọlé.

KÍKÓ ÈÈYÀN JỌ

Gbàgede ìtàkùrọ̀sọ, ìyẹn ibi tí àwọn èèyàn ti ń pàdé tí wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ayélujára, bíi Facebook, dà bí ọjà. Bí ẹ bá kọ́ ọgọ́rùn-ún ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀bá títì, tí ẹ kùn wọ́n ní ọ̀dà, tí ẹ fa iná sí gbogbo rẹ̀, ọjà kò tíì sí níbẹ̀. Ọlọ́jà kò ní wá níwọ̀n ìgbà tí kò bá rí oníbàárà, oníbàárà kò sì ní yà níwọ̀n ìgbà tí kò bá rí ọlọ́jà. Ta ni yóò kọ́kọ́ dé? Ìbéèrè yìí ti pa ilé-iṣẹ́ tí ó lówó ju gbogbo wa lọ. Google dá gbàgede Google+ sílẹ̀ ní ọdún 2011. Owó kò wọ́n wọn, ọlọ́gbọ́n kò wọ́n wọn, mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sì ti ń lo àwọn nǹkan wọn mìíràn tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n tì í pa fún gbogbo ará ìlú. Àwọn èèyàn forúkọ sílẹ̀, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọn kò rí ọ̀rẹ́ wọn níbẹ̀, wọ́n sì padà sí ibi tí ọ̀rẹ́ wọn wà.

Nílé wa níbí ńkọ́? Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé Twitter ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Koo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Íńdíà, sáré wọlé sí Nàìjíríà, ìjọba pàápàá sì ṣí ojú ewé tirẹ̀ síbẹ̀. Àǹfààní wo ni ó tún ju èyí lọ, pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ alábàádíje ẹni? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà wá ọgbọ́n mìíràn dá láti máa wọ Twitter. Ìfòfindè náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2022, Koo fúnra rẹ̀ sì kógbá sílé ní ọdún 2024. Bí àwọn tí ènìyàn ń tẹ̀ lé bá wà níbì kan, ibẹ̀ ni ènìyàn yóò máa lọ, bí ó tilẹ̀ gba pé kí ó fo ògiri.

Báwo wá ni àwọn tí ó ṣe é ṣe é? Ẹ jẹ́ kí á wo Facebook. Ní oṣù kejì ọdún 2004 tí ó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Harvard nìkan ni ó lè wọ ibẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo! Láàárín oṣù kan, ó lé ní ìdajì àwọn tí ń ka ìwé oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó mú un lọ sí Stanford, Columbia àti Yale, ó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 kí wọ́n tó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nítorí pé agbègbè náà kéré, ẹni tí ó bá wọlé lónìí yóò bá ojúlùmọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ lónìí.

Nítòsí wa, ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Jobberman sílẹ̀ ní ọdún 2009, ní àkókò tí àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń wá: ọmọ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ tí kò mọ ibi tí iṣẹ́ wà, àti ọ̀gá tí ó ń wá òṣìṣẹ́. Wọn kò sọ pé gbogbo ọmọ adúláwọ̀ ni áàpù àwọn wà fún. Nígbà tí ọ̀dọ́ bá sọ fún mi pé gbogbo ayé ni áàpù òun wà fún, àyà mi máa ń já. Mo fẹ́ gbọ́ pé ó wà fún àwọn àgbẹ̀ tí ń kó iṣu láti oko wá sí Adó, tàbí fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n ká sí Èkó, Àbújá àti òkè òkun, tí wọ́n sì ń dá owó fún iṣẹ́ ìlú lọ́dọọdún. Ìyẹn ni ibi tí èèyàn ti lè mọ ẹni tí òun ń pè.

Kí á tó kúrò lórí kókó yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Mo tẹ̀ lé ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó kọ́ áàpù fún àwọn ọlọ́jà lọ sí Ọjà Ọba níhìn-ín ní Adó. A dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ń ta ata àti tòmátì. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ láti inú ìró, rọ́bà ni ó fi dì í kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa ṣí. Ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì láti gbé áàpù náà sórí rẹ̀, fóònù sì dá a lóhùn pé kò sí àyè mọ́. Ọmọ náà ní, ‘Màmá, ẹ jẹ́ ká pa díẹ̀ rẹ́ nínú àwọn àwòrán yìí.’ Ìyá náà gba fóònù padà, ó ń fi ìka yí àwòrán kọ̀ọ̀kan: ìkómọ, ìgbéyàwó, ọmọ-ọmọ tí ó wọ aṣọ ilé-ìwé. Ó ní, ‘Ọmọ mi, èwo ni kí n pa nínú wọn?’ Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Ó lé ní ọgọ́rin mẹ́gábáìtì tí áàpù rẹ̀ wọ̀n, kò sì sí ohun tí ó ṣe nínú rẹ̀ tí ojú ewé ayélujára lásán kò lè ṣe. Ojú ewé lásán náà ni ó padà lọ kọ́, àwọn ọlọ́jà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mo fẹ́ kí gbogbo yín rántí ìyá yẹn nígbà tí ẹ bá ń kó àwòrán tí ń jó àti ohùn tí ń dún sínú áàpù yín.

OWÓ

Mo bọ́ sórí kókó kejì, òun sì ni ó le jù fún ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀. Dọ́là ni a fi ń san owó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó gbé áàpù wa dúró lórí ayélujára, náírà ni a sì ń pa wọlé. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní iye ti ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Sáfà tí ó ń gba $100 lóṣù, tí ó ń ná yín ní ₦46,000 tẹ́lẹ̀, ti di ₦150,000. Ẹnì kan kò kún àwọn tí ń lò ó, ẹ kò fi iṣẹ́ tuntun kankan kún un, àmọ́ owó rẹ̀ ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Mo mọ àwọn ọmọ tí áàpù wọn kú ní ọdún yẹn, tí ó sì jẹ́ pé wọn kò ṣe àṣìṣe kankan.

Ẹnìkan yóò ní, ‘Ṣé owó ìpolówó kò ní gbé e ni?’ Ẹ fetí sílẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn ọdún 2023, ohun tí Facebook rí lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ń lò ó ní Amẹ́ríkà àti Kánádà lé ní $68. Ní ìsọ̀rí tí wọ́n ka Áfíríkà mọ́, kò tó $6. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ní bílíọ̀nù èèyàn, kí ni yóò kan ẹni tí ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ní Èkìtì? Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bi mí pé kí ó má gbé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lé ìpolówó nìkan. Ẹ wá ẹni tí áàpù yín yóò bá fi owó pamọ́ tàbí tí yóò bá rí owó, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fún yín ní díẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń ta nǹkan bíi ẹ̀bùn orí ayélujára láti inú áàpù náà, ẹ rántí pé Apple àti Google lè gba tó ìdá 30 nínú 100, tàbí nǹkan bí ìdá 15 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré.

Ẹni tí ń lo áàpù náà pàápàá ń náwó. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láyè láti fi ohun tí ó tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Àwòrán kọ̀ọ̀kan tí áàpù yín bá gbé wá, àpò ẹnìkan ni ó ti jáde. Nígbà tí Efritin, tí ó jẹ́ ìkànnì títa-rírà, kúrò ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, wọ́n ka ọ̀wọ́n dátà mọ́ ara ohun tí ó lé wọn lọ.

Ní ti iná mànàmáná, ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ ọ́n, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò. Mo kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa fún ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n dín owó tí wọ́n ń gbà lórí ilẹ̀ tí okùn ayélujára yóò gbà kọjá kù láti ₦4,500 sí ₦145. Mo sì ń retí ibùdó Ekiti Knowledge Zone tí Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà fọwọ́ sí owó rẹ̀. Síbẹ̀, okùn tí ó gba ẹ̀bá títì kọjá kò tíì wọ yàrá ọmọ tí ń kọ kóòdù ní Ajílòsún.

ILÉ LÓRÍ ILẸ̀ ONÍLẸ̀

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa ni ó dúró lórí ohun tí ẹlòmíràn lè gbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, Twitter gbé Vine jáde, áàpù fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn fi ń wá ọ̀rẹ́ wọn níbẹ̀ ni láti mú orúkọ ọ̀rẹ́ wọn wá láti Facebook. Ní ọjọ́ tí Vine jáde náà ni Facebook ti ọ̀nà yẹn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó kan àwọn tí ó gbára lé Twitter fúnra rẹ̀: ní oṣù kejì ọdún 2023, Twitter kéde pé ọ̀nà ọ̀fẹ́ tí àwọn áàpù kéékèèké ń gbà mú ọ̀rọ̀ jáde láti ibẹ̀ yóò dópin. Àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́lé síbẹ̀ jí lówùúrọ̀ láìrí ilé.

Kí ni kí á ṣe, nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè dá gbogbo nǹkan ṣe? Ẹ ní nọ́ńbà tàbí àdírẹ́sì àwọn oníbàárà yín lọ́wọ́ ara yín, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí ó wà lórí sáfà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ó jìnnà sí sáfà náà. Nairaland, tí Ṣeun Ọ̀ṣéwà dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, wà láàyè dòní, àmọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ọ̀daràn kan wọ inú sáfà rẹ̀, ó sì ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀dà tí ó wà níbòmíràn ni wọ́n fi gbé e dìde. Bákan náà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn ayélujára tí ó gba abẹ́ òkun kọjá já nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, báńkì pàápàá kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa ní Nàìjíríà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

ÀDÉHÙN LÁÀÁRÍN Ọ̀RẸ́

Kókó yìí kò gùn, àmọ́ mo ti rí omijé lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta yóò jọ bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan, wọn kò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀, nítorí pé wọ́n gbà pé ìwé àdéhùn wà fún àwọn tí kò fọkàn tán ara wọn. Ní Snapchat, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Stanford dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lé dànù. Ó gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́, $157.5 mílíọ̀nù ni wọ́n sì fi parí ẹjọ́ náà. Ẹ lọ forúkọ ilé-iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí ẹ kọ ìpín kálukú sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Òfin tí ó wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ (Startup Act), tí ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ní àǹfààní nínú fún yín, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó bá forúkọ sílẹ̀ nìkan ni yóò jẹ ẹ́.

ṢÍṢỌ́ ÀWỌN TÍ WỌ́N KÓ JỌ

Mo ti dé ibi tí ó jẹ mí lọ́kàn jù lọ. Ẹ ti kó èèyàn jọ, owó ti ń wọlé. Ta ni ń ṣọ́ wọn?

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2019, apànìyàn kan wọ mọ́sáláṣí ní Christchurch, ní New Zealand, ó sì ń fi fídíò ohun tí ó ń ṣe hàn ní tààrà lórí Facebook. Èèyàn mọ́kànléláàádọ́ta ni ó kú. Láàárín wákàtí 24, ẹ̀dà fídíò náà tí Facebook pa rẹ́ tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Bí ó ti nira tó fún ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ní Myanmar, ní Éṣíà, àwọn kan fi ọ̀pọ̀ ọdún tan ọ̀rọ̀ ìkórìíra ká lórí Facebook sí àwọn Rohingya, ẹ̀yà Mùsùlùmí tí kò pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ náà gbà pé àwọn kò ṣe tó láti dènà rẹ̀. Àwọn tí ó gbọ́ èdè ibẹ̀ lára àwọn tí ń ṣọ́ ọ kò tó nǹkan.

Ẹ má rò pé ọ̀nà jìn. Ní ìlú kan ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹnìkan gbé àwòrán ọkùnrin kan sí orí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ó ní gbọ́mọgbọ́mọ ni, kí gbogbo èèyàn ṣọ́ra. Ọkùnrin náà ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe kiri ni. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ti yí i ká ní ẹ̀bá títì, bàbá àgbà kan tí ó mọ̀ ọ́n ni ó fi ara rẹ̀ bò ó títí ọlọ́pàá fi dé. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Mo bi ẹni tí ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ pé ibo ni ó ti rí i. Ó ní wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun ni. Gbogbo wọn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí.

Ní ti èdè wa, ẹ̀rọ tí ń yọ ọ̀rọ̀ burúkú kúrò kò tíì mọ bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀. A lè fi òwe halẹ̀ mọ́ èèyàn láìdárúkọ rẹ̀, kí àyà rẹ̀ sì já. A lè bú ìran ẹnìkan nínú gbólóhùn tí kò ní èébú kankan nínú. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ni yóò mọ̀, ẹni tí ó sì gbọ́ ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni yóò mọ èyí tí wọ́n sọ ní Èkìtì.

Ìwífún àwọn èèyàn náà ńkọ́? Ọmọbìnrin kan tí ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sí orí ìkànnì tí wọ́n fi ń wá yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún mi pé ọkùnrin tí òun kò mọ̀ rí ń pe òun ní òru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé ìkànnì náà fi nọ́ńbà gbogbo ẹni tí ń wá yàrá hàn sí gbangba. Ẹni tí ó kọ́ ọ kò gbèrò ibi. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ni. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni a ti ní òfin ààbò ìwífún ní Nàìjíríà, ó kan ilé-iṣẹ́ kékeré àti ńlá. Ní ọdún 2024, àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, bu owó ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé Meta, tí ó ni Facebook àti WhatsApp, nítorí ọwọ́ tí wọ́n fi mú ìwífún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ẹ má gba ohun tí ẹ kò nílò. Bí áàpù yín kò bá nílò ọjọ́ ìbí, ẹ má béèrè rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń to orúkọ àwọn tí ẹ ó gbà síṣẹ́, lẹ́yìn ẹni tí ń kọ kóòdù, kí ẹni kejì jẹ́ ẹni tí yóò máa ka ẹ̀sùn àwọn èèyàn. Kí ó gbọ́ Yorùbá, kí ó gbọ́ èdè ìlú tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì ní àṣẹ láti mú ọ̀rọ̀ burúkú kúrò ní òru láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ jí yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe é lójoojúmọ́, nítorí pé ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ ń wọ ọkàn. Ní Nairobi, àwọn tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù. Kí nọ́ńbà tí èèyàn yóò pè bí wọ́n bá ń dún mọ̀huru mọ́ ọn sì wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí ìyá aláta yóò ti rí i láìbéèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Àkókò tí wọ́n fún mi ti pé. Mo dúpẹ́ pé ẹ fetí sí mi. Gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹni tí ó bá ní ìbéèrè kí ó nawọ́. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹnu àwọn mẹ́ta tí wọ́n nawọ́ lẹ́ẹ̀kejì.